Ríìlì Inú Gààrí

Bọ́ọ̀lù rọ́bà tí nọ́ọ̀sì fún bàbá mi pé kó máa fi ọwọ́ ọ̀tún fún pọ̀ láràárọ̀, ẹ̀yìnkùlé ni mo ti bá a, tí àwọn ewúrẹ́ ilé kejì ń fi imú tì í kiri. Bàbá mi ti jù ú gba ojú fèrèsé. Mo gbé e wọlé, mo fọ̀ ọ́, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ó wo bọ́ọ̀lù, ó wo ojú mi, ó ní, "Tíṣà, ṣé o ti rí àgbàlagbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí bẹ́ẹ̀dì rí?" Tíṣà ló máa ń pè mí láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Ìjọún, pàápàá bó bá fẹ́ bí mi nínú. Inú sì máa ń bí mi lóòótọ́. Kì í pẹ́ bí mi, kì í sì í pẹ́ lọ, ẹni tó bá bá mi gbé mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Wẹ́dà ni bàbá mi ní Kútọnu. Ibẹ̀ ló ti dàgbà sí, ibẹ̀ ló ti sin ìyá mi, ibẹ̀ náà ló sì ń dá gbé nínú yàrá kan tí kò jìnnà sí òkun. Gbogbo ọjọ́ Àìkú, bí ó bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, á gbé ọ̀pá ìpẹja rẹ̀, á lọ dúró lórí àwọn òkúta ńlá ńlá tí wọ́n fi dí òkun lọ́nà, á máa pẹja títí oòrùn á fi wọ̀. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, apá ọ̀tún ara rẹ̀ rọ lójijì. A dúpẹ́, kò le púpọ̀. Mo ní kó wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́dọ̀ mi kí n lè máa tọ́jú rẹ̀. Kò tíì lo mẹ́rin tí wọ́n fi ti bọ́dà.

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá le ń gba inú igbó kọjá ní tirẹ̀. Àwa ará ibí, ààbọ̀ ẹbí wa wà lọ́hùn-ún, ààbọ̀ wà níbí, kò sí ilẹ̀kùn tí wọ́n máa tì tí a ò ní wá ibi tí a ó gbà. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò lè jókòó sórí ọ̀kadà tó ń fò lórí gbòǹgbò. Ló bá di ará ilé mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ padà bọ̀ sípò láàárín oṣù méjì, ẹnu rẹ̀ tó wọ́ díẹ̀ náà tọ́, ó sì ń fi bú mi bí ó ṣe wù ú. Ọwọ́ ló kù. Nínú ọwọ́ náà, àtàǹpàkò ló ya olórí kunkun jù lọ.

Ní ọjọ́ kan tí a jókòó jẹ ẹ̀bà, tó ń fi ọwọ́ òsì jẹun tó sì ń bínú sí i, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé orí tábìlì bíi pé ohun èlò tó bàjẹ́ ni. Ó ní, "Gbọ́ mi dáadáa. Bí bọ́dà bá ṣí, tí àtàǹpàkò yìí bá lè dá ríìlì dúró, màá lọ ilé mi. Bí kò bá lè dá a dúró, kí àbúrò mi tó wà ní Pobẹ̀ lọ́hùn-ún bá mi kó ẹrù mi wá, kí n jókòó tì ọ́ títí n ó fi kú." Kò pariwo. Bó ṣe sọ ọ́ jẹ́jẹ́ yẹn ló dẹ́rù bà mí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ríìlì ni irin tí wọ́n ń dè mọ́ ọ̀pá ìpẹja, kẹ̀kẹ́ kékeré wà nínú rẹ̀, okùn sì wé mọ́ kẹ̀kẹ́ náà. Bí èèyàn bá ju òjé àti ìwọ̀ sínú omi, kẹ̀kẹ́ yẹn á máa sáré yípo, okùn á máa tú tẹ̀ lé òjé. Irú èyí tí bàbá mi ń lò, àtàǹpàkò ni bíréèkì rẹ̀. Bí òjé bá balẹ̀ tí àtàǹpàkò kò tètè tẹ kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ á ṣì máa sáré lọ, okùn á tú àtújù, á wá lọ́ mọ́ra bí ìtẹ́ ẹyẹ ẹ̀gà. Ẹni tí àtàǹpàkò rẹ̀ bá kú kò lè lò ó, ó pin.

Èmi ńkọ́? Kí n má parọ́, mo fẹ́ kí bàbá mi dúró tì mí. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, ìparí ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń wálé, ilé sì máa ń dá. Ó dùn mọ́ mi kí n ti ibi iṣẹ́ dé kí n bá ẹni tí mo lè bá jà. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó dúró bí ẹrù tí wọ́n gbàgbé sí gáréèjì. Kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ ní Kútọnu wà lápò rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ríìlì tirẹ̀ gan-an wà nínú yàrá náà, kò sì gbà kí n rán ẹnikẹ́ni lọ mú un, torí ó ní ẹni tó bá fi kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ sílẹ̀ ti gbà pé òun ò padà mọ́. Ríìlì míì la máa rà nìyẹn.

Mo fi mọ́tò gbé bàbá mi lọ sí Ìlaròó lọ́jọ́ Sátidé kan, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀. Ọ̀pá ìpẹja wà níbẹ̀ bí mẹ́fà. Ríìlì, ẹyọ kan péré ló kù, tuntun, ó ń dán gbinrin, irú èyí tí kò nílò àtàǹpàkò rárá. Èèyàn á kàn ṣí irin kan, á jù ú, okùn á máa yọ jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀. Inú mi dùn. Mo ti ń yọ owó.

Bàbá mi yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ àná fún. Ó ní, "Ti àwọn tó ń gbafẹ́ nìyẹn."

Mo ní, "Bàbá, ọwọ́ yín la ṣì ń tọ́jú. Ẹ fi èyí bẹ̀rẹ̀ ná."

"Níbo la ti fẹ́ pẹja? Ṣé kì í ṣe odò Yewa, níbi afárá tó wó? Òkúta àti irin àti gbòǹgbò ló wà nísàlẹ̀ omi yẹn. Bí ẹja bá gbé ìwọ̀ mì, abẹ́ òkúta ló máa sá wọ̀. Nǹkan tó ń dán yìí á máa sunkún ni. Èyí tí mo fẹ́ á fà á jáde ní tipátipá."

Mo ní orí kunkun rẹ̀ ló ń dà á láàmú, kì í ṣe ríìlì. Ó ní kí n bọ̀wọ̀ fún àgbà níwájú oníṣòwò. Oníṣòwò ọ̀hún, kí Ọlọ́run bùkún un, kò dá sí i. Ó kàn rọra sọ pé irú èyí tí Bàbá ń fẹ́, méjì wà nínú ṣọ́ọ̀bù òun ní Pobẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n ti ti bọ́dà ni òun ò ti rí wọn kó wá. A ra ọ̀pá nìkan. Láti Ìlaròó dé Ìjọún, a ò bá ara wa sọ̀rọ̀, àfi ìgbà tó ní kí n má sá wọ kòtò.

Àbúrò bàbá mi obìnrin ń gbé ní Pobẹ̀, Màmá Pobẹ̀ la máa ń pè é. Òun la bẹ̀ pé kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà. Bí a ṣe yan ríìlì lórí fóònù nìyẹn, mi ò sì rò pé mo tún lè rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ láyé mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ilé o. Méjèèjì rèé lọ́wọ́ mi. Ọ̀kan dúdú, ọ̀kan aláwọ̀ wúrà. Ti wúrà yìí rẹwà o, ẹ̀gbọ́n!"

"Ta ló bi ọ́ léèrè ẹwà? Mú dúdú. Yí ọwọ́ rẹ̀. Gbé e mọ́ fóònù kí n gbọ́."

Bàbá mi di ojú. Láti inú fóònù mo gbọ́ ohùn kan tó rọ̀, bí ìgbà tí ológbò bá jẹun yó. Ó ní kó mú èkejì. Ó tún di ojú.

"Fi ti wúrà yẹn sílẹ̀. Eyín inú rẹ̀ kan ti jẹ."

"Háà! Láti Ìjọún lẹ ti rí eyín rẹ̀?"

"Mo gbọ́ ọ. Padà sí dúdú. Fi nǹkan sàmì sí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kí o wá yí ọwọ́ ríìlì lẹ́ẹ̀kan péré, kí o ka iye ìgbà tí kẹ̀kẹ́ yípo."

Màmá Pobẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹnì kan wọlé kí i, ó dáhùn, ó béèrè àwọn ọmọ, ó gbàgbé iye tó kà dé. Bàbá mi fi ọwọ́ òsì gbá itan. Ó tún un kà, ó ní ó jẹ́ mẹ́rin àti díẹ̀. Bàbá mi mi orí, ó ní ìyẹn dáa, pé èyí tó bá ń yípo jù bẹ́ẹ̀ lọ yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní agbára tó lè fa ẹja kúrò nínú gbòǹgbò.

"Ó wá ku ara rẹ̀. Fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, kí o lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ."

A gbọ́ tí ẹnì kan lọ́hùn-ún pariwo pé Màmá, ẹ fẹ́ ba ọjà mi jẹ́! Màmá Pobẹ̀ ṣì ń lọ́ ọ. Ó ń mí gúlegúle. "Kò mì, ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ mi ló ń dùn mí."

"Rà á."

"Ẹ̀gbọ́n, ọkọ mi gan-an, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò tó báyìí kí n tó fẹ́ ẹ o."

Mo yí lulẹ̀. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ nu ojú. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi nù ún, kò tilẹ̀ mọ̀. Mo rí i.

Nígbà náà, ohun gbogbo tó bá ti Pobẹ̀ wá, abẹ́ gààrí ló ń gbà. Ìrẹsì wà lábẹ́ gààrí, òróró wà lábẹ́ gààrí, kódà mo mọ obìnrin kan tó gbé adìyẹ dídì sábẹ́ rẹ̀. Ó ti di bárakú fún wa tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í bi ara rẹ̀ mọ́ bóyá nǹkan tó ń gbé pamọ́ yẹ ní gbígbé pamọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Màmá Pobẹ̀, ẹni tí kò tí ì jí abẹ́rẹ́ rí, ṣe ti ríìlì náà bọ inú ike gààrí tó fẹ́ gbé wá fún wa, ó kì í mọ́lẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ó gbé e rù, ó gba ọ̀nà igbó.

Ó bá ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù kan pàdé lábẹ́ igi kan. Ọ̀gá ní kí ló wà nínú ike. Ó ní gààrí ni. Ọ̀gá fi igi gún un, igi kan irin. Ọ̀gá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fa ríìlì jáde, ó gbọn gààrí kúrò lára rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn.

"Màmá, kí lèyí?"

"Ọ̀gá mi, ẹ ṣàánú mi, ti ẹ̀gbọ́n mi ni, ara rẹ̀ kò yá, ẹja ló fẹ́ fi pa."

Ọ̀gá ní, "Ta ló ní kí wọ́n má gbé èyí kọjá? Kí lẹ wá gbé e pamọ́ sí?" Ni ó bá rẹ́rìn-ín. Ó yí ọwọ́ ríìlì náà títí bí ọmọ tó rí ohun ìṣeré, gbogbo gààrí tó ṣẹ́ kù lára rẹ̀ sì wọ inú rẹ̀ lọ. Ó tì í padà sínú gààrí, ó ní kí Màmá máa lọ. Bí Màmá Pobẹ̀ ṣe ń ròyìn rẹ̀ nínú pálọ̀ mi, tó ń ṣe bí ọ̀gá, tó ń ṣe bí ara rẹ̀, ẹ̀rín ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa ronú kan gààrí. A fi aṣọ nu ríìlì lóde, a ní ó ti mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ilé ìwé, mo wa bàbá mi lọ sí odò Yewa. Afárá àtijọ́ kan ti wó síbẹ̀, kọnkéré rẹ̀ wà nínú omi, igi ńlá méjì sì ti ṣubú lé e. Mo bá a de òjé àti ìwọ̀. Ó dúró lórí òkúta pẹlẹbẹ kan, ó fi ọwọ́ òsì di ìdí ọ̀pá mú, ó gbé àtàǹpàkò ọ̀tún lé orí kẹ̀kẹ́. Mo rí i tí àtàǹpàkò náà ń gbọ̀n.

Ó jù ú. Òjé lọ, kò jìnnà, ó balẹ̀ "pó!" Okùn dúró. Kò lọ́, kò ta kókó, ó dúró gbọnin.

"Ó dúró!" ni bàbá mi ké. "Tíṣà, ó dúró! Mo dá a dúró!"

Mo fò. Èmi olùkọ́ ìṣirò, mo bọ́ bàtà, mò ń fò lórí òkúta, mò ń kígbe pé Olúwa ṣeun, tí àwọn ọmọ tó ń fọ aṣọ ní ìsàlẹ̀ odò fi dìde wò wá. Bàbá mi náà ń fi ẹsẹ̀ kan jó. Nígbà tí ó rẹ̀ ẹ́, ó gbé ọ̀pá fún mi kí n bá òun ká okùn wọlé. Mo yí ọwọ́ ríìlì. Ó dún kírríkírrí. Mo tún yí i, ó tún dún, ó sì ń wúwo. Nǹkan funfun kan bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo tọ́ ọ wò. Ó kan.

Gààrí ni. Gààrí ló kún inú ríìlì, òun ló ń di kẹ̀kẹ́ mú tí kò fi lè sáré. Kì í ṣe àtàǹpàkò bàbá mi ló dá a dúró.

Mo wo bàbá mi. Ó ti jókòó, ó ń wo odò, ẹ̀rín wà lójú rẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò náà ra àwọn ìka yòókù bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà. Ẹ bá mi sọ ọ́, ta ló máa la ẹnu níbẹ̀? Mo nu ọwọ́ mi mọ́ síkẹ́ẹ̀tì, mo ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o," mo sì dákẹ́.

Ìdákẹ́ yẹn fẹ́ẹ̀ pa mí. Lóòótọ́, ó ń jẹun, ó ń kọrin nínú balùwẹ̀, ó ń bá àwọn ará àdúgbò tàkúrọ̀sọ, bọ́ọ̀lù rọ́bà tó jù nù sì ti wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé lọ́jọ́ kan gààrí yẹn á bọ́ tán, kẹ̀kẹ́ á sáré, bàbá mi á sì rí i pé irọ́ ni mo jẹ́ kó gbà gbọ́. Bó bá jẹ́ pé Kútọnu ló ti máa rí i ńkọ́, tó dá wà lórí òkúta, tí ẹnikẹ́ni ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Mo máa ń pinnu láti sọ ọ́ lówùúrọ̀, bí mo bá dé ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á pòórá lẹ́nu mi.

Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ la ń lọ sódò. Bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀, òjé ń jìnnà sí i. Nígbà mìíràn okùn á lọ́, bàbá mi á fi Faransé ṣépè, a ó jókòó tú u, n ó rò pé gààrí ti bọ́ tán. Ṣùgbọ́n á tún jù ú, á sì tún dúró. Nílé, eèrà ń dà mí láàmú. Ojú fèrèsé yàrá bàbá mi ni wọ́n ń tò sí láràárọ̀, gààrí díẹ̀ díẹ̀ sì wà níbẹ̀. Mo ní kó yéé mu gààrí lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Mo gbọ́, Tíṣà." Ìgbálẹ̀ mi náà ń dín kù, mo rò pé ewúrẹ́ ló ń jẹ ẹ́. Mo lọ bá ará ilé kejì jà nítorí ìgbálẹ̀. Ojú ń tì mí títí di òní.

Nígbà tí ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ káàkiri pé wọ́n fẹ́ ṣí bọ́dà, bàbá mi pè mí lọ́jọ́ Sátidé kan. Ó ti tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì, ó gbé ríìlì lé e.

"Gbé kẹrosíìnì wá. A fẹ́ tú u fọ̀."

Bí a bá fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, kẹ̀kẹ́ á máa sáré bí ayé ṣe fẹ́. Mo ní, "Kẹrosíìnì ti tán, Bàbá."

"Ti abẹ́ síńkì ńkọ́?"

"Omi ni."

"Tíṣà. Gbé kẹrosíìnì wá."

Mo gbé e wá. Òun ń sọ, èmi ń tú. Ó ní kí n rọra, "dúsúmọ́, dúsúmọ́", kí n to àwọn irin náà bí mo ṣe ń yọ wọ́n. Mo ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo di ojú, mo rò pé gààrí á dà sílẹ̀ bí ìgbà tí àpò bá ya. Mo la ojú. Hóró mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀. Gbogbo inú rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Kí n tó mọ̀, ó ti bọ́ lẹ́nu mi. "Gààrí ọ̀hún dà?"

Bàbá mi gbé ojú sókè. "Gààrí wo?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu kẹrosíìnì orí tábìlì.

"Àbí èyí tó wà níbẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́?" Ó fa ìgbálẹ̀ ẹyọ kan yọ lábẹ́ ìwé ìròyìn, orí rẹ̀ ti rún. "Ẹni tó gbọ́ pé eyín ríìlì jẹ ní Pobẹ̀, ṣé kò ní gbọ́ gààrí tó wà níwájú rẹ̀ ni? Kí n tó jù ú lọ́jọ́ yẹn ni mo ti mọ̀. Ó kù díẹ̀ kí n sọ, mo wá wo ẹ̀yìn, mo rí ọmọ mi tó ń fò lórí òkúta láìwọ bàtà. Mo ní ó dáa, kí n má ba ayọ̀ rẹ̀ jẹ́. Mo wá ń yọ ọ́ lówùúrọ̀, díẹ̀ díẹ̀. Bí àtàǹpàkò bá ti lè mú ti àná, mo máa tún yọ díẹ̀ sí i."

"Bàbá! Ẹ sì jẹ́ kí n máa bá eèrà jà!"

"Ìwọ náà mọ̀, o dákẹ́. Ta ló burú jù nínú wa?"

Mo bú sẹ́kún, mo sì ń rẹ́rìn-ín, tí kẹrosíìnì ń kán sí mi lẹ́sẹ̀. Oṣù mélòó ni mo ti ń gbé ẹrù yìí, tí òun náà sì ń gbé tirẹ̀ lábẹ́ òrùlé kan náà! A to ríìlì padà, a fi epo mọ́tò díẹ̀ sí i. Mo fi ìka kan ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ń yípo, ó ń yípo, kò fẹ́ dúró, kò sì dún rárá.

Bàbá mi ní, "Ó yá, ká lọ wò ó."

Lórí òkúta pẹlẹbẹ yẹn, èmi ni mò ń gbọ̀n, kì í ṣe òun. Ó gbé àtàǹpàkò lé kẹ̀kẹ́. Ó jù ú. Òjé fò kọjá kọnkéré, ó kọjá igi àkọ́kọ́, ó kọjá ibi tí a ò jù ú dé rí. Mo ń wo àtàǹpàkò, mi ò wo omi. Ó kàn án fẹ́rẹ́, ó gbé e, ó tún kàn án, bó sì ti gbọ́ "pó", ó tẹ̀ ẹ́. Okùn nà tọ́ọ́ lórí omi. Bàbá mi kò ké lọ́jọ́ yẹn. Ó kàn mí kanlẹ̀, ó ní, "Màmá Pobẹ̀ kò ní kó ẹrù kankan wá."

Bí ẹja ṣe gbé e nìyẹn o! Ọ̀pá tẹ̀, ẹja sá gba abẹ́ igi, bàbá mi ń pè mí kí n wá di òun mú ní bẹ́líìtì. Mo dì í mú. Ó ń yí ríìlì, ríìlì kò sunkún, ó ń fa ẹja jáde nínú gbòǹgbò díẹ̀ díẹ̀, àwa méjèèjì ń kígbe mọ́ ara wa bí ẹni ń jà. Àrọ̀ ńlá kan jáde, dúdú, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn. Mo sè é lọ́jọ́ náà, mo gbé orí rẹ̀ fún bàbá mi. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi jẹ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì jókòó mò ń wò ó títí tó fi ní kí n yéé wo òun lẹ́nu.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ṣí bọ́dà. Lówùúrọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ó ti wọṣọ kí n tó jí, kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ wà lọ́wọ́. Mo ṣe bí akọni. Mo di ẹran díndín fún un, mo jà nítorí pé kò mú oògùn rẹ̀ sápò, mo dúró títí mọ́tò fi yà ní ìkóríta. Nígbà náà ni mo wọlé, ilé sì pa lọ́lọ́.

Mo lọ sí yàrá rẹ̀ láti ká bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀pá ìpẹja wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó dúró ṣánṣán. Ríìlì dúdú náà wà lójú fèrèsé, lórí ìwé ìròyìn, ìgbálẹ̀ ẹyọ kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rò pé ó gbàgbé rẹ̀ ni. Mo gbé e, mo fi àtàǹpàkò mi lé e bó ṣe máa ń ṣe, mo yí ọwọ́ rẹ̀.

Ó dún kírríkírrí.

Bàbá mi ti bu gààrí sí i padà fún mi, kí èmi náà máa yọ ọ́ díẹ̀ díẹ̀ títí ilé tó dá á fi mọ́ mi lára. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, mo bú u dáadáa. Lẹ́yìn náà mo mú ìgbálẹ̀, mo yọ hóró kan péré, mo sì gbé ríìlì lélẹ̀. Ó di Sátidé kí n tó yọ èkejì.